Àpótí Ìmọ̀: Kànga Tuntun, Ọkọ̀ Àtijọ́

Tí ilé-iṣẹ́ bá rí epo rọ̀bì lábẹ́ òkun nítòsí ibi tó ti ń wa epo tẹ́lẹ̀, kò di dandan kó kan ọkọ̀ mìíràn tí yóò máa gba epo náà. Ó lè gbẹ́ kànga sí ìsàlẹ̀ òkun, kó fi irin oní-fáàfù dé e lórí, kó sì fi páìpù so ó mọ́ ọkọ̀ tó ti wà níbẹ̀. Ọ̀nà yìí ni à ń pè ní subsea tieback.

Àpẹẹrẹ: Bonga, ibi tí wọ́n ti ń wa epo ní òkun Nàìjíríà. Ọdún 2005 ni ọkọ̀ ńlá tó ń gba epo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, lórí omi tó jìn ju 1,000 mítà lọ. Ní 2014, wọ́n so Bonga North West, ibi epo mìíràn nítòsí, mọ́ ọkọ̀ náà. Ní Bonga North West, kànga 4 wà fún epo. 2 wà fún títi omi sínú àpáta, kí ìfúnpá tó ń ti epo sókè má baà dínkù.

Òtútù ni ìṣòro ńlá. Nísàlẹ̀ òkun, epo gbígbóná lè tutù, kó sì dì nínú páìpù. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wé páìpù náà kí ooru má baà sá. Bí páìpù bá ṣe gùn tó ni ewu yìí ṣe ń pọ̀ tó.