Orò àti Àwa Obìnrin

Kí a tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ yìí, ẹ jẹ́ kí a ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 17, láti ẹsẹ 16 dé 34. Kí Pọ́ọ̀lù tó bá àwọn ará Áténì sọ̀rọ̀, ó kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n ń bọ dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ ṣe lórí ọ̀rọ̀ Orò.

Bí ọdún Orò bá dé ní Ìkòròdú, wọn a kéde pé kí obìnrin má yọjú síta. Ìyá tó ra ẹja lọ́jà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, tó fẹ́ gba Ìtòikín wọ Ìkòròdú, kò ní lè wá. Ẹja kì í sì í dúró de Orò. Aboyún tí ìrọbí bá mú lọ́jọ́ náà ńkọ́?

Òrìṣà tí à ń gbọ́ ohùn rẹ̀ tí obìnrin kò gbọdọ̀ rí ni Orò. Igi pẹlẹbẹ tí a so okùn mọ́, tí ọkùnrin ń fì yíká lókè orí, ló ń ké bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe àwa la tú àṣírí o, A. B. Ellis ti tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ní 1894.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí àti dẹ́rù ba obìnrin nìkan ni wọ́n ṣe ní Orò. Kí ọlọ́pàá àti kóòtù ìjọba tó dé, Òṣùgbó ló ń dájọ́ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, Orò ló sì ń mú ìdájọ́ náà ṣẹ. Ẹni tí ẹ̀bi ikú bá mọ́ lórí, igbó Orò ni wọ́n ń mú un lọ. Orò náà ni wọ́n fi ń wẹ ìlú mọ́ nígbà àjàkálẹ̀ àrùn. Lónìí, ìdájọ́ ti bọ́ lọ́wọ́ Orò, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń sé obìnrin mọ́lé.

Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ní abala 38, fún olórò lómìnira ẹ̀sìn bí ó ti fún àwa náà. Abala 41 sì fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà lómìnira láti rìn. Ní 2018, ilé-ẹjọ́ gíga Ìpínlẹ̀ Ògùn ní Ìpókíà sọ pé kí wọ́n má fi Orò sé ìlú mọ́lé lọ́sàn-án mọ́.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan. Ní Sabarimala, nílẹ̀ Íńdíà, àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ń bọ Ayyappa, òrìṣà tí wọ́n gbà pé kò gbéyàwó. Nítorí èyí, obìnrin tó wà láàárín ọmọ ọdún 10 sí 50 kò gbọdọ̀ wọ tẹ́ńpìlì rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 2018, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Íńdíà ní kí wọ́n wọlé. Nígbà tí obìnrin méjì wọlé ní oṣù kìn-ín-ní 2019, ìjà bẹ́ sílẹ̀ nígboro.

Àwọn kan nínú wa ní kí a jáde lọ pàdé Orò lórúkọ Jésù. A kò fara mọ́ ọn. Ìjà kò lè bímọ fún aboyún. Ẹ jẹ́ kí a lọ sí ààfin, kí a bẹ̀ wọ́n pé kí Orò máa jáde lóru nìkan, kí wọ́n máa kéde ọjọ́ rẹ̀ ní oṣù kan ṣáájú, kí wọ́n sì yọ̀ǹda ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí ìjọ kọ̀ọ̀kan mú orúkọ ìyá méjì wá tí yóò bá wa lọ.