Íntánẹ́ẹ̀tì Orí Wáyà àti Òwò Wa ní Kàbà

Ní ọ̀pọ̀ ìlú òyìnbó, láti ara wáyà tẹlifóònù tó ti wà lára ògiri tipẹ́ ni íntánẹ́ẹ̀tì kọ́kọ́ gbà wọ ṣọ́ọ̀bù. Wáyà bàbà méjì tí wọ́n lọ́ mọ́ra ni. Ohùn èèyàn kì í gba àyè púpọ̀ nínú rẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń lò, ìyókù ṣófo. Inú àyè tó ṣófo yẹn ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wá ń fi dátà gbà. Ìdí nìyẹn tí oníṣòwò fi lè máa bá oníbàárà sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sì máa bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ lórí wáyà kan náà. DSL ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n bí wáyà bá ṣe ń gùn sí i láti ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ni ìyára rẹ̀ ń dín kù. Tó bá ti kọjá nǹkan bíi kìlómítà 5, kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò mọ́.

Kí ló dé tí kò rọwọ́ mú lọ́dọ̀ wa? Wáyà ni kò tó. NITEL, ilé-iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1985, ló ń bójú tó tẹlifóònù ní Nàìjíríà nígbà náà. Nígbà tí ìjọba alágbádá padà dé ní 1999, ìlà tó wà ní gbogbo orílẹ̀-èdè kò ju nǹkan bí 400,000 lọ, fún èèyàn tó lé ní 100 mílíọ̀nù. Mélòó ni ẹ rò pé ó máa dé ilẹ̀ Okun, níbi tí Kàbà wà, nínú rẹ̀? Ní oṣù kẹjọ 2001, fóònù GSM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kò sì pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò fi wá wáyà mọ́.

Inú afẹ́fẹ́ ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa ti ń gba íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, láti orí òpó gogoro. Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀ tó kan òwò yín. Wáyà tó wọ ṣọ́ọ̀bù yín, tiyín nìkan ni. Ṣùgbọ́n òpó dà bí ẹ̀rọ omi kan tí gbogbo àdúgbò ń pọn: lọ́jọ́ ọjà, nígbà tí èrò bá ti Ìjùmú àti Bùnú wọ Kàbà, gbogbo fóònù ló ń fa dátà lára rẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni oníPOS máa ń sọ fún oníbàárà pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa." Ìgbà mìíràn, ọ̀nà jíjìn ni wàhálà ti wá. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Abidjan ní Côte d'Ivoire, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ báńkì ní Nàìjíríà sì dẹnu kọlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ìyára díẹ̀, nítorí ibí yìí ni àwọn tó ń ta dátà ti máa ń rẹ́ oníṣòwò jẹ. Bí wọ́n bá kọ "8 Mbps" sára ìwé, kì í ṣe MB 8 ni yóò wọlé ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. MB 1 péré ni, torí pé bit 8 ló wà nínú byte kan. Fọ́tò tó jẹ́ MB 5 yóò wọlé ní ìṣẹ́jú-àáyá 5. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n kọ yẹn, ti gbígbà wọlé ni. Fífi ránṣẹ́ lè jẹ́ 1 Mbps péré, fọ́tò kan náà yóò sì gba ìṣẹ́jú-àáyá 40. Ẹni tó ń ta ọjà wẹ́wẹ́ lè má kà á sí. Aránṣọ tó ń fi fọ́tò aṣọ 10 ránṣẹ́ sí oníbàárà ní Abuja yóò jókòó tì í fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 7.

Ní tèmi o, kò yẹ kí oníPOS náwó lórí ìyára. Dátà tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń lò kéré gan-an. Kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì má já ló ṣe kókó. Síìmù ilé-iṣẹ́ méjì yóò wúlò fún un ju dátà olówó ńlá lọ.

Ètò ìjọba àpapọ̀ fún 2020 sí 2025 fi 25 Mbps lélẹ̀, ó kéré tán, fún ìlú ńlá, ó sì fi 10 lélẹ̀ fún ìgbèríko. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi ẹni tó ń tà á: mélòó ni ti fífi ránṣẹ́? Báwo ló ṣe ń ṣe lọ́jọ́ ọjà? Ẹ ní kó tan án nínú ṣọ́ọ̀bù yín, kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i.