Hámúsítà Láti Ilé Ààbò Ẹranko

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Wales, òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni ta ẹranko fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16. Ọdún 2006 ni wọ́n ṣe òfin náà. Ó tún sọ pé bí ẹranko bá wà lọ́wọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ ni yóò dáhùn bí ìyà bá jẹ ẹranko náà. Ọmọ lè sọ hámúsítà lórúkọ, ó lè fi yangàn lójú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọrùn bàbá tàbí ìyá ni ẹrù rẹ̀ wà. Nítorí náà, àgbà ni a kọ orí ìwé yìí fún.

Ọ̀pọ̀ òbí Yorùbá tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù ni ọmọ wọn ti bẹ̀ pé, “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gba hámúsítà kan.” Èsì tó máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu ìyá ni, “Eku kẹ̀? Nínú ilé tèmi?” Ìyá kò purọ́. Ìbátan eku ni. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo eku tí a mọ̀ nílé, òkété ni ìwà rẹ̀ jọ ti hámúsítà jù. Òkété ń dá gbé inú ihò, òru ló ń jáde, ó sì ní àpò lẹ́rẹ̀kẹ́ méjèèjì tó fi ń kó ẹ̀kùrọ́ lọ pamọ́ sínú ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni hámúsítà ń ṣe. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé òkété lè wọn ju kílò kan lọ, nígbà tí hámúsítà tó tóbi jù nínú àwọn tí wọ́n ń sìn nílé kì í sábà ju nǹkan bí gíráàmù 100 sí 150 lọ. Ẹni tó bá fi òkété sọ́kàn kò ní ṣi hámúsítà tọ́jú.

Ilẹ̀ Síríà ni èyí tó tóbi yìí ti wá. Ní ọdún 1930, onímọ̀ nípa ẹranko kan, Israel Aharoni, tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Hébérù ní Jerúsálẹ́mù, lọ wá a kiri ní agbègbè ìlú Aleppo. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ oko àlìkámà kan, wọ́n sì bá ìyá kan pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ nínú ihò. Nígbà tí wọ́n kó wọn jáde, ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í pa ọmọ ara rẹ̀. Ìwọ̀nba ọmọ díẹ̀ tó yè ni wọ́n sìn, àwọn ló sì bí èyí tó pọ̀ jù nínú irú hámúsítà yìí tó wà nínú ilé àwọn èèyàn káàkiri ayé lónìí. Nígbà tó fi máa di ọdún 1931, àwọn kan ti dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn irú kéékèèké mìíràn tún wà tí wọ́n wá láti Mòǹgólíà, Ṣáínà àti Siberia, ṣùgbọ́n ti Síríà ni ẹ máa rí jù.

Kí ló ń gbé ẹran kékeré yìí dé ilé ààbò? Nígbà mìíràn, ó ti sú ọmọ, kò yà á lẹ́nu mọ́. Nígbà mìíràn, ìdílé kó lọ sí ilé tí onílé kò ti fẹ́ ẹranko. Ohun tó tún máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹnì kan á ra méjì tí ó gbà pé abo ni wọ́n, láìmọ̀ pé akọ wà níbẹ̀. Oyún hámúsítà Síríà kò ju nǹkan bí ọjọ́ 16 lọ, ó sì lè bí ọmọ tó ju mẹ́fà lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí olówó rẹ̀ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ilé ti kún. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni àwọn àjọ aláàánú bí RSPCA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1824, àti Blue Cross, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1897, ń gbà, tí wọ́n sì ń wá ilé tuntun fún.

Bí ẹ bá dé ilé ààbò, wọ́n á bi yín léèrè. Báwo ni àgò yín ṣe tóbi tó? Ṣé ológbò wà nílé? Ta ni yóò máa nu àgò náà? Ẹ má ṣe bínú sí ìbéèrè. Ẹ̀yin náà, ẹ bi wọ́n: ọdún mélòó ni eléyìí? Ṣé ó máa ń gé èèyàn jẹ? Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀ ti mọ ìwà rẹ̀, ohun tí ẹ kò sì lè rí gbọ́ lẹ́nu ọlọ́jà nìyẹn. Hámúsítà kì í sábà pẹ́ ju ọdún méjì sí mẹ́ta lọ láyé. Síbẹ̀, lójú tèmi, èyí tó ti dàgbà tí ara rẹ̀ sì balẹ̀ dára fún ilé ọlọ́mọ ju ọmọdé rẹ̀ tó ń sá kíjokíjo lọ.

Ọ̀kan ṣoṣo ni kí ẹ gbà. Èrò àwa èèyàn ni pé kò dára kí ẹnikẹ́ni dá wà, a sì máa ń fẹ́ fi ẹnì kejì tì í. Hámúsítà Síríà kò fẹ́ ẹnì kejì. Bí wọ́n bá ti dàgbà, bí ẹ bá fi méjì sínú àgò kan, wọ́n á jà, ọ̀kan sì lè kú.

Ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Àwọn àgò oníke kékeré aláwọ̀ mèremère tí wọ́n ń tà kò tó gbé. Ẹ wá èyí tí gígùn rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 100, tí ìbú rẹ̀ sì tó 50. Ẹ kó bébà gígé tí wọ́n ṣe fún ẹranko sínú rẹ̀ kó jinlẹ̀ dáadáa, ó kéré tán sẹ̀ǹtímítà 25, nítorí ihò ni yóò gbẹ́. Ẹ má fún un ní ohun rírọ̀ tó dà bí òwú; ó lè wé e lẹ́sẹ̀, bó bá sì gbé e mì, ó lè dí i nífun. Ó nílò kẹ̀kẹ́ ìsáré tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní tẹ̀ bó bá ń sá nínú rẹ̀. Fún ti Síríà, kó fẹ̀ tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 28. Ojú kẹ̀kẹ́ náà gbọ́dọ̀ dí, kí ẹsẹ̀ má baà há. Ó lè sáre ọ̀pọ̀ kìlómítà lóru ọjọ́ kan, nítorí náà yàrá tí ọmọ ń sùn sí kọ́ ni ibi tí ẹ máa gbé e sí. Etí rẹ̀ ń gbọ́ ohun tí tiwa kò lè gbọ́, ẹ gbé e jìnnà sí tẹlifíṣọ̀n. Bí ẹ bá sì máa ń ṣe ìṣọ́ òru nílé, ẹ má gbé e sí pálọ̀.

Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, ẹ fi sílẹ̀ kó fi imú mọ ilé. Ẹ bẹ ilé ààbò kí wọ́n bù díẹ̀ fún yín nínú bébà tó ń sùn lé tẹ́lẹ̀. Ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà. Òórùn ló fi ń dá nǹkan mọ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹ da gbogbo bébà rẹ̀ nù lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹ bá ń tún àgò ṣe. Ẹ kó ibi tó ń tọ̀ sí, kí ẹ fi èyí tó gbẹ sílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ jí i lójú oorun, torí èyí ló máa ń fa pé kó gé èèyàn jẹ. Tó bá jí fúnra rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí ọmọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kó tó gbé e, kó má baà já bọ́ látòkè.

Oúnjẹ kò nira. Ṣíbí ńlá kan lójúmọ́ nínú àpòpọ̀ hóró tí wọ́n ń tà fún hámúsítà tó, pẹ̀lú omi tútù. Ẹ lè fi kùkúmbà bíńtín kún un. Ẹ má fún un ní àlùbọ́sà, ááyù, ọsàn tàbí ṣokoléètì, ìrẹsì ọlọ́bẹ̀ ata kò sì kàn án. Àwọn irú kéékèèké tètè ń ní àtọ̀gbẹ, ẹ dín ohun dídùn kù fún wọn. Eyín rẹ̀ kì í yé hù, nítorí náà ẹ wá igi tí yóò máa họ, bí igi ápù.

Ọ̀rọ̀ oògùn ni mo fẹ́ kí ẹ kà lẹ́ẹ̀mejì. Bí ìdí rẹ̀ bá rin fún ìgbẹ́ gbuuru, tó ká jọ, tí kò fẹ́ jẹun, ó lè kú láàárín ọjọ́ méjì. Ẹ má ṣe torí bẹ́ẹ̀ mú ampicillin tó kù nínú dúrọ́ọ̀ fún un. Oògùn náà àti àwọn ìbátan rẹ̀ bí amoxicillin ń ba inú hámúsítà jẹ́, wọ́n sì lè pa á. Dókítà ẹranko ni kó rí i lọ́jọ́ náà. Bí owó bá jẹ́ ìṣòro, àjọ aláàánú PDSA ń tọ́jú ẹranko fún àwọn kan tó ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba, lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní owó pọ́ọ́kú. Ẹ pè wọ́n kí àìsàn tó dé.

Ìgbà òtútù tún ní tirẹ̀. Bí ẹ bá pa ẹ̀rọ ìmúlémóoru nítorí owó iná, tí yàrá sì tutù púpọ̀, hámúsítà lè wọ oorun líle. Ara rẹ̀ á tutù, kò ní mira, èémí rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn. Ẹ má tètè sin ín. Ẹ mú yàrá móoru díẹ̀díẹ̀, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó, kí ẹ sì pe dókítà. Bó bá sì wá jẹ́ pé ìtọ́jú náà ju agbára yín lọ, ilé ààbò tí ẹ ti gbà á ni kí ẹ pè. Ẹ má tú u sílẹ̀ sínú páàkì: kò lè pẹ́ níbẹ̀, òfin ọdún 1981 lórí ẹranko ìgbẹ́ kò sì fàyè gbà á.