Ìmọ̀ Wíwá Títí Dé Ọjọ́ Ogbó: Ilé-Ìkàwé Ọ̀fẹ́ Orí Íntánẹ́ẹ̀tì àti Ọ̀rọ̀ Sánádì Láàárín Àwọn Mùsùlùmí Yorùbá ní Cow Lane, Accra

Ọ̀rọ̀ kan gbajúmọ̀ lẹ́nu àwọn oníwáàsí, pé kí ènìyàn máa wá ìmọ̀ láti ìgbà tí wọ́n bá ti tẹ́ ẹ sórí ẹní ọmọ titun títí di ìgbà tí wọn yóò fi tẹ́ ẹ sínú sàréè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ni ó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ hádíìsì ti wá ọ̀rọ̀ yìí títí, wọn kò sì rí sánádì kan fún un nínú àwọn ìwé hádíìsì tí a gbẹ́kẹ̀ lé. Ìtumọ̀ rẹ̀ dára, kò sì tako ẹ̀sìn. Ibi tí ó ti wá ni a kò rí. Èyí tí ó ní sánádì ni èyí tí Ibn Mājah gbà wá, pé ọ̀ranyàn ni ìmọ̀ wíwá jẹ́ fún gbogbo Mùsùlùmí. Ó sì wà nínú Al-Kùránì, Súrà Tọ̀-Hà áyà 114, pé Ọlọ́hun pa á láṣẹ fún Ànábì tìkara rẹ̀ kí ó máa tọrọ àlékún ìmọ̀. Ẹni tí ìmísí ń sọ̀kalẹ̀ fún kò kọjá ẹni tí ó ń tọrọ àlékún.

Nínú ìwé Ìmọ̀, nínú Sahīh rẹ̀, al-Bukhārī mú ọ̀rọ̀ Umar ọmọ al-Khattāb wá, pé kí àwọn ènìyàn kọ́ ìmọ̀ ẹ̀sìn kí wọ́n tó di aṣáájú. Al-Bukhārī wá fi tirẹ̀ kún un pé lẹ́yìn tí wọ́n bá di aṣáájú pẹ̀lú, nítorí pé àwọn sàhábà Ànábì kọ́ ìmọ̀ nígbà tí wọ́n ti dàgbà. Àfikún kékeré yìí ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwáwí ẹni tí ó bá ń sọ pé ìgbà ti kọjá lórí òun.

Nínú ìwé Ìmọ̀ kan náà ni ìtàn Umar àti aládùúgbò rẹ̀ láàárín àwọn Ansār wà. Òkè Mẹ̀dínà ni àwọn méjèèjì ń gbé, wọ́n sì ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n pín ọjọ́: ọ̀kan a sọ̀kalẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Ànábì lónìí, a sì mú ohun tí ó gbọ́ wá fún èkejì, lọ́jọ́ kejì èkejì a lọ. Ìtàn yìí yẹ kí ó wà lójú ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìmọ̀ àwọn ọlọ́jà, Cow Lane sì jẹ́ àdúgbò ọlọ́jà.

Àárín gbùngbùn Accra ni òpópó náà wà. Ní ìparí sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, agbègbè Zongo Lane, Horse Road àti Cow Lane, ní Ussher Town, ni ọ̀pọ̀ àwọn Mùsùlùmí àlejò tẹ̀dó sí kí àjàkálẹ̀ àrùn ọdún 1908 tó mú kí ìjọba fẹ́ kí wọ́n ṣí kúrò, tí àwọn kan nínú wọn sì lọ dá Sabon Zongo sílẹ̀ lábẹ́ Malam Bako. Yorùbá wà láàárín wọn. Olóyè Brimah, oníṣòwò obì àti màlúù, di olórí láàárín àwọn Mùsùlùmí ìlú náà ní ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́ńtúrì ogún, orúkọ ìdílé rẹ̀ sì ṣì so mọ́ ipò olórí àwọn Yorùbá ní Accra. Níbi tí oníṣòwò Mùsùlùmí bá dé, àáfà kì í pẹ́ dé ibẹ̀. Nítorí náà ọjà àti ilé-kéwú jọ dàgbà ni.

Ohun tí ó dá ìtẹ̀síwájú yìí dúró kì í ṣe ọ̀lẹ. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba K. A. Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó kúrò ní Ghana. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà, Ṣakí, Ìgbẹ́tì àti ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn kó ẹrù. Ìwé àṣẹ lè ṣí ilé ní ọ̀sẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n kò lè parí ìwé fíkíhì tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kà lọ́wọ́. Nígbà tí àáfà bá lọ, ibi tí ẹ̀kọ́ dé ni yóò dúró sí. Àwọn tí ó kù, àti àwọn tí ó padà lẹ́yìn náà, ń tọ́ ọmọ dàgbà nínú ìlú tí Gã àti Twi ti jẹ́ èdè ìgboro, tí Hausa sì jẹ́ èdè zongo. Ìbéèrè wá dìde: báwo ni àgbàlagbà tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ já láàárín yóò ṣe so ó padà?

Íntánẹ́ẹ̀tì ti mú ìrọ̀rùn wá sí apá kan ìbéèrè yìí. Al-Maktaba al-Shāmila kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé Lárúbáwá jọ lọ́fẹ̀ẹ́, ènìyàn sì lè gbà á sórí kọ̀ǹpútà kí ó máa lò ó láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Lórí Quran.com, ìtumọ̀ èdè Yorùbá wà fún áyà kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lárúbáwá. Sunnah.com kó àwọn ìwé hádíìsì mẹ́fà pàtàkì jọ. Àwọn ìwé àfọwọ́kọ Timbuktu tí a ti ya àwòrán wọn wà ní gbangba lọ́dọ̀ Hill Museum & Manuscript Library, lẹ́yìn ìforúkọsílẹ̀ tí kò gba owó. Ní ayé àtijọ́, ìwé kan ṣoṣo nínú wọ̀nyí lè gba ìrìn-àjò oṣù púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ tí a fi bẹ̀rẹ̀ dán an wò. Ẹni tí ó bá tẹ ọ̀rọ̀ sàréè yẹn sínú Google yóò rí i ní ojú-ewé púpọ̀ tí ó so ó mọ́ orúkọ Ànábì. Ọ̀pọ̀ ojú-ewé kì í sì í ṣe ọ̀pọ̀ ẹlẹ́rìí, nítorí pé ẹni kan ló kọ ọ́, tí àwọn yòókù dà á kọ. Ẹni tí ó bá wá a nínú al-Shāmila yóò rí i pé kò sí nínú àwọn ìwé mẹ́fà náà. Ẹ̀rọ méjèèjì jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹni tí àáfà ti kọ́ ní ohun tí à ń pè ní sánádì nìkan ni yóò mọ ìyàtọ̀ láàárín wọn. Ìdí nìyí tí àwọn aṣáájú fi kìlọ̀ nípa gbígba ìmọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ìwé nìkan jẹ́ olùkọ́ rẹ̀. Àṣìkọ a máa wà nínú àwọn ẹ̀dà orí kọ̀ǹpútà pàápàá, àwọn onímọ̀ kì í sì í fi wọ́n ṣe ẹ̀rí láì fi wọ́n wé ìwé títẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé ewu yìí tó kí a lé íntánẹ́ẹ̀tì kúrò ní ilé-kéwú. Ọ̀rọ̀ wọn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìkìlọ̀ àwọn aṣáájú wá nígbà tí ìwé àfọwọ́kọ pọ̀, wọn kò sì torí rẹ̀ sun ìwé. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé akẹ́kọ̀ọ́ a ka ìwé sí etí olùkọ́, olùkọ́ a sì tún un ṣe kí ó tó fún un ní ìjásà. Lónìí, àáfà tí ó wà ní Ìlọrin tàbí Àgége lè gbọ́ kíkà ẹni tí ó wà ní Accra lórí fóònù, kí ó sì tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Okùn tí ọdún 1969 já ṣeé so báyìí, bí àwọn méjèèjì bá gbà láti jókòó sí i.

Ọ̀fẹ́ náà kò sì tán síbi ọ̀fẹ́. Dátà ń gba owó, okùn abẹ́ òkun náà sì lè já: ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, ọ̀pọ̀ okùn bàjẹ́ nítòsí Abidjan lẹ́ẹ̀kan náà, íntánẹ́ẹ̀tì sì ṣòro ní Ghana, Nàìjíríà àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ mìíràn. Nítorí náà ó sàn kí a gba ìwé sílẹ̀ ju kí a máa kà á lórí afẹ́fẹ́ lọ. Ọ̀nà Umar àti aládùúgbò rẹ̀ sì bá ọlọ́jà mu níhìn-ín: ẹni kan lè gba ìwé fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ó pín in fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórí fóònù láìná dátà, kí ẹlòmíràn jókòó lọ́dọ̀ àáfà lẹ́yìn ìrun Mọ̀gàríbà, kí ó mú ibi tí àáfà ti tún kíkà rẹ̀ ṣe padà wá sí ìsọ̀ ní òwúrọ̀.