Ẹ̀KỌ́ LÁTI INÚ ERÉ-ÌJE ALÁPÁ MẸ́TA

Láàrin oríṣiríṣi eré ìdárayá tí ọmọ aráyé ń ṣe, ọ̀kan wà tí ó so iṣẹ́ mẹ́ta pọ̀ mọ́ ara wọn: ìlúwẹ̀ẹ́, kẹ̀kẹ́ gígùn, àti eré ẹsẹ̀. Triathlon ni orúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí káàkiri ayé. Nínú àròkọ yìí àwa yóò máa pè é ní eré-ìje alápá mẹ́ta. Aago kì í dúró de ẹnikẹ́ni láàrin apá kan àti èkejì. Láti ìgbà tí ènìyàn bá ti wọ inú omi títí yóò fi kọjá ìlà ìparí, ìṣirò kan ṣoṣo ni. Àwa tí a ń kọ àròkọ yìí, tí a kì í fi eré sísá jẹun, bá wọn sá èyí tí ó kúrú nínú rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Keje ọdún 2019. A kò gba ipò kankan tí ó yẹ fún ìyìn, ṣùgbọ́n a rí ẹ̀kọ́ kọ́ níbẹ̀, èyí tí ó tọ́ kí àwa tí a ń múra láti di olùkọ́ jọ gbé yẹ̀wò.

Ìtàn Eré Náà

Eré yìí kò tí ì pẹ́ láyé. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1974 ni Jack Johnstone àti Don Shanahan pe àwọn ènìyàn jọ sí Mission Bay ní ìlú San Diego, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ènìyàn 46 sì jẹ́ ìpè náà. Ní ọdún 2000, ní ìlú Sydney, a gbà á wọ inú eré Òlíḿpíìkì. Èyí tí a ń sá níbẹ̀ jẹ́ mítà 1,500 nínú omi, kìlómítà 40 lórí kẹ̀kẹ́, àti kìlómítà 10 ní ẹsẹ̀. Ìdajì rẹ̀ ni èyí tí àwa sá: mítà 750, kìlómítà 20, àti kìlómítà 5. Omi ni a ń fi ṣáájú, nítorí kò dára kí ẹni tí ó ti rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa lọ bá odò jìjàkadì.

Ìmúra

Kí a tó rékọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a ti fi ọdún méjì kọ́ àwọn ọmọdé ní iléèwé kékeré kan tí odò ń ṣàn lẹ́yìn rẹ̀. Lójoojúmọ́ ni a ń kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe dé etí odò náà. Lójoojúmọ́ bákan náà ni a ń sọ fún wọn pé akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ bẹ̀rù ohun tí kò tí ì mọ̀. Nígbà tí a sọ èyí fún ẹ̀gbọ́n wa tí a ń gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀ níbẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní: “Àbúrò mi, ìwọ tí o ń sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé kí ó má bẹ̀rù, ǹjẹ́ ìwọ fúnra rẹ mọ ìwẹ̀ẹ́ wẹ̀?” A dákẹ́, nítorí a kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá lára ṣinṣin, kò sì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí a fi lọ fi orúkọ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn àgbà.

Ohun tí ó kọ́kọ́ ṣòro fún wa kì í ṣe ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀, bí kò ṣe èémí. Ẹni tí kò mọ ìwẹ̀ a máa sé èémí nígbà tí ojú rẹ̀ bá wọ inú omi. Nígbà tí ó bá sì gbé ojú sókè, èémí àtijọ́ ti kún àyà rẹ̀, kò sí àyè fún titun mọ́. Olùkọ́ wa kọ́ wa pé inú omi ni kí a ti máa mí jáde díẹ̀díẹ̀, kí ó lè jẹ́ pé mímí sínú nìkan ni yóò kù nígbà tí a bá yí ojú sí ẹ̀gbẹ́. Oṣù méjì gbáko ni a fi kọ́ èyí nìkan. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, a lè la adágún ìlúwẹ̀ẹ́ náà, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 25, já ní ìgbà 30 láìdúró, èyí tí í ṣe mítà 750 gẹ́lẹ́. A rò pé a ti tó tán.

Ọjọ́ Eré

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, a wọ aṣọ rọ́bà tí ó fún mọ́ ara, a sì bá ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró ní etí adágún ńlá kan. Bí fèrè ti dún, gbogbo wa wọ inú omi lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹsẹ̀ ẹni tí ó wà níwájú ń gbá wa lójú, ọwọ́ ẹni tí ó wà lẹ́yìn ń gbá wa lẹ́sẹ̀. Òtútù omi náà gba èémí mọ́ wa lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ ni ara ènìyàn rí: bí omi tútù bá kàn án lójijì, a máa já èémí gbà láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni, ọkàn a sì máa yára lù. Bí ènìyàn bá fara balẹ̀, ìṣẹ́jú kan tàbí méjì ni yóò fi rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò fara balẹ̀. A wo ìsàlẹ̀ láti wá ilẹ̀ tí a máa ń rí nínú adágún tí a ti kọ́ṣẹ́, òkùnkùn ni a rí. Ohun gbogbo tí a kọ́ fún oṣù mẹ́jọ fò lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn olùṣọ́ omi wa ọkọ̀ kékeré rẹ̀ sún mọ́ wa. Ó ní a lè di ọkọ̀ náà mú kí a sinmi; òfin kò kọ̀ ọ́, bí ọkọ̀ kò bá ti gbé wa síwájú. A dì í mú. Bí a bá gbé ọwọ́ sókè nígbà náà, wọn yóò fà wá jáde, kò sì sí ẹni tí yóò bú wa. A rántí àwọn ọmọ ẹ̀yìn odò yẹn, àti ọ̀rọ̀ tí a máa ń sọ fún wọn. A dojú kọ sánmà, a fi ẹ̀yìn léfòó, a ka èémí wa títí ó fi pé ogún. Lẹ́yìn náà ni a yí padà, tí a sì ń lọ ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé. Ìṣẹ́jú 24 ni a lò nínú omi, ẹni mẹ́ta péré ni ó sì kù lẹ́yìn wa.

Láti etí omi a sáré lọ sí ibi tí a so kẹ̀kẹ́ rọ̀ sí. Òfin ibẹ̀ le: ènìyàn gbọdọ̀ de akoto mọ́ orí kí ó tó fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́, kò sì gbọdọ̀ gùn ún kí ó tó kọjá ìlà tí a fà sílẹ̀. Pẹ̀lú ìkánjú, a gbá kẹ̀kẹ́ mú láìde akoto. Alábòójútó kan dá wa dúró, ó sì mú kí a ṣe é bí ó ti tọ́. Ojú tì wá, ṣùgbọ́n ìtùnú wà: ní Òlíḿpíìkì ọdún 2012 ní Hyde Park ní Lọ́ńdọ̀nù, Jonathan Brownlee gun kẹ̀kẹ́ kí ó tó dé ìlà, wọ́n sì fi ìdádúró ìṣẹ́jú àáyá 15 jẹ ẹ́ níyà. Ipò kẹta ni ó gbà níkẹyìn. Alistair ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó gba ipò kìíní.

Ní ti kẹ̀kẹ́, láti kékeré ni a ti ń gùn ún, nítorí náà a fẹ́ gba ẹ̀san gbogbo ohun tí omi fi ojú wa rí. A ń lé àwọn tí ó ṣáájú, a ń kọjá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, inú wa sì ń dùn. A dàbí òṣìṣẹ́ tí ó ná owó oṣù rẹ̀ tán ní ọjọ́ kìíní. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀ láti sáré, ẹsẹ̀ wa wúwo bí odó. Iṣan tí ó ti ń yí kẹ̀kẹ́ fún nǹkan bí wákàtí kan kì í tètè gbà láti sáré. Ó yẹ kí a ti máa fi eré ẹsẹ̀ tẹ̀lé kẹ̀kẹ́ nígbà ìmúra, a kò sì ṣe é. Gbogbo àwọn tí a fi kẹ̀kẹ́ kọjá ni wọ́n fi ẹsẹ̀ kọjá wa padà, tí wọ́n sì ń kí wa tọ̀yàyàtọ̀yàyà bí wọ́n ti ń lọ.

Wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 58 ni a fi parí. Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé a ń fọ́nnu, ẹ jẹ́ kí a rántí pé ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 2012 yẹn, Nicola Spirig ti ilẹ̀ Switzerland sá bí ìlọ́po méjì ọ̀nà yìí ní wákàtí 1, ìṣẹ́jú 59, àti ìṣẹ́jú àáyá 48. Aago kan náà ni Lisa Nordén ti ilẹ̀ Sweden bá a dé. Àwòrán ni àwọn onídàájọ́ wò kí wọ́n tó mọ ẹni tí ó ṣáájú.

Ẹ̀kọ́ Mẹ́ta

Ìkínní: ẹ̀kọ́ tí a kọ́ ní ibi ìrọ̀rùn kò tí ì di tiwa títí a ó fi dán an wò ní ibi ìṣòro. Ọmọ tí ó ka ìwé já geere níwájú olùkọ́ rẹ̀ lè gbàgbé gbogbo rẹ̀ níwájú àlejò. Kì í ṣe ọ̀lẹ, omi tútù ni ó bá a.

Èkejì: ibi ìyípadà láti iṣẹ́ kan sí òmíràn jẹ́ iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Láàrin ìṣirò àti ìwé kíkà, nígbà tí agogo bá lù, ni kíláàsì máa ń dàrú. Olùkọ́ tí kò bá múra sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan yẹn yóò pàdánù ohun tí ó jèrè nínú ẹ̀kọ́ méjèèjì.

Ẹ̀kẹta: eré kan ni, kì í ṣe mẹ́ta. Ibi tí a mọ̀ jù gan-an ni a ti fi agbára wa ṣòfò. Àwọn àgbà ní, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko bí ojú ẹja.

Ọ̀rọ̀ kan ni ó kù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2021 nìkan, nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni omi gbé lọ káàkiri ayé, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì jẹ́ ọmọdé. Àwa tí a ti sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n jìnnà sí odò kò purọ́ fún wọn, ṣùgbọ́n ìdajì ẹ̀kọ́ ni a kọ́ wọn, nítorí ìdajì ni àwa náà mọ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ibi tí wọn yóò rán wa lọ lẹ́yìn ìdánwò ìkẹyìn lè ní odò lẹ́yìn iléèwé. Ẹ jẹ́ kí á ti mọ ìwẹ̀ẹ́ wẹ̀ kí á tó dé ibẹ̀.