Ìyàwó Mi, Wo Ẹnu Ààrò Kí O Tó Dáná

Ìyàwó mi, fa àpótí yẹn, kí o jókòó. Ẹ̀gẹ́ tó wà lábẹ́ òkúta ṣì ń ro omi. Ó di ọ̀túnla kó tó kan bí àwa Ìjẹ̀bú ṣe fẹ́ ẹ, nítorí náà iná kò ní í wọ ààrò yìí lónìí tàbí lọ́la. Láti ọjọ́ tí o ti wọ ilé ni mo ti ń wò ọ́. O mọ gàrí yan. Ọwọ́ rẹ yá, gàrí rẹ kì í dì, kì í sì í jóná. Ojú rẹ tó ń pọ́n lálaalẹ́ ni mo torí ẹ̀ pè ọ́, àti ikọ́ tí mo ń gbọ́ láti yàrá yín kí ilẹ̀ tó mọ́. Èmi náà wú irú ikọ́ yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo rò pé bí iṣẹ́ gàrí ṣe rí nìyẹn. Àṣé ààrò mi ló ń là tí n kò wò ó.

Bẹ̀rẹ̀ síbí. Wo ibi tí ètè agbada ti jókòó lórí amọ̀. Ṣé o rí ìlà dúdú tó yí i ká bí ìgbà tí èèrà tò lọ? Ibẹ̀ ni èéfín ń gbà yọ. Nígbà tí ọkọ mi mọ ààrò yìí, ó dá ihò sí i lẹ́yìn, kí iná gba ẹnu wọlé, kó jó lọ sábẹ́ agbada, kí èéfín sì gba ihò ẹ̀yìn jáde síta. Bí amọ̀ bá ti là lẹ́bàá agbada, èéfín kò ní í dé ẹ̀yìn mọ́, ẹ̀bá náà ni yóò gbà, ibẹ̀ sì ni ojú rẹ wà bí o ti ń fi àjákù igbá da gàrí síwá sẹ́yìn. Ooru náà ń bá a lọ, ìyẹn ni igi fi ń tán kíá. Lílà tí kò fẹ̀ ju igi ìṣáná lọ ni mo ń sọ o. Má dúró dìgbà tí ìka yóò lè wọ̀ ọ́.

A kì í náwó sí amọ̀ tí a fi ń dí i. Ti ògán ló dára jù. Gún un, jọ̀ ọ́ kí òkúta wẹ́wẹ́ kúrò nínú rẹ̀, bu eérú kíkúnná mọ́ ọn, kí o sì gé koríko gbígbẹ wẹ́wẹ́ sí i. Amọ̀ lásán máa ń sún kì bó bá ti ń gbẹ, yóò tún là níbi tí o ti dí i. Koríko ló ń dì í mú. Pò ó títí yóò fi dúró lọ́wọ́ rẹ láì ṣàn. Kí o tó wá rẹ́ ẹ, ha gbogbo èyí tó ti ń ṣí kúrò, kí o fi omi wọ́n ojú ibẹ̀ dáadáa. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Amọ̀ gbígbẹ máa ń fa omi inú tútù mu, bí o kò bá kọ́kọ́ fún un lómi, èyí tí o rẹ́ mọ́ ọn yóò bọ́ bí èépá ojú egbò. Jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀, lẹ́yìn náà kí o dáná kékeré sí i ná.

Má da omi sí ààrò gbígbóná láé. Mo ṣe é rí. Mo ń sáré lọ síbi ìsìnkú kan, mo bu igbá omi kan dà sí i kí iná lè tètè kú. Amọ̀ náà dún kàá, bí ẹni ṣẹ́ igi gbígbẹ, mo sì bá tèmi lọ. Ní ọjọ́ kẹta, a gbé agbada kaná, gàrí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yan tán, ni ẹ̀gbẹ́ ààrò kan bá wó. Gbogbo rẹ̀ dà sínú eérú. Ẹ̀gẹ́ ìyá ọkọ mi ni. Kò bá mi jà. Ó kàn bẹ̀rẹ̀, ó mú ọwọ̀, ó ń gbá a lọ díẹ̀díẹ̀, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo ṣì ń rí bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe tẹ̀. Bí o bá fẹ́ paná, fa igi sẹ́yìn, kí o ki orí wọn bọ iyanrìn, kí ààrò tutù fúnra rẹ̀.

Ní òwúrọ̀, kí igi kankan tó wọlé, kó eérú. Èyí tó bá ti ga kan igi kò ní í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ rí ọ̀nà. Igi á máa rú èéfín, ìwọ á máa fẹ́ ẹ títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ á fi máa ro ọ́. Ṣùgbọ́n má gbá a tán. Fi èyí tó nípọn tó ìka kan sílẹ̀, ó ń bá ọ pa ooru mọ́. Garawa irin ni kí o kó o sí, má lo ike, má lo àpò. Ẹyin iná lè wà láàyè lábẹ́ eérú láti alẹ́ di ọ̀sán ọjọ́ kejì, nígbà ọ̀yẹ́ sì rèé, afẹ́fẹ́ díẹ̀ ló máa gbé e dé orí ewé gbígbẹ. Bó bá tutù tán, fi fọ abọ́, kí o wọ́n díẹ̀ sídìí ẹ̀fọ́.

Ìdí agbada ńkọ́? Ha dúdú tó wà níbẹ̀ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, torí bó bá ti nípọn, kò ní í jẹ́ kí ooru tètè wọlé. Ìkòkò ọbẹ̀ ní tirẹ̀, fi eérú tí o fi omi pò ra ìdí rẹ̀ kí o tó gbé e kaná. Bí o bá ń fọ̀ ọ́, dúdú náà yóò bá eérú lọ. Kí o sì máa gbá àjà. Èéfín dúdú tó ń so rọ̀ lókè yẹn, inú gàrí ló ń já sí.

Igi tútù kò ṣeé fi yan gàrí. Là á wẹ́wẹ́, tò ó sábẹ́ ìṣẹ́lẹ̀ òrùlé kí òjò tó dé. Bí o bá rí ayìn, rà á, ó máa ń jó pẹ́. Ihá ẹyìn ni kí o fi ṣáná. Mo rí ọ̀rá omi tí o fi ṣá a lánàá. Jọ̀wọ́, má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, májèlé ni èéfín rẹ̀. Pákó tí wọ́n ti kun lọ́dà tàbí tí wọ́n fi oògùn kòkòrò sí, òun náà kò gbọ́dọ̀ wọ ààrò wa. Má sì da kẹrosíìnì sórí ẹyin iná, bó ti wù kí ojú kán ọ tó.

Ó ku ti ọmọ. O máa ń pọ̀n ọ́n jókòó sídìí ààrò. Mo pọn bàbá rẹ̀ bẹ́ẹ̀, n kò mọ nǹkan kan nígbà náà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020 nìkan, èéfín igi, èédú àti kẹrosíìnì tí a fi ń dáná nínú ilé pa ènìyàn tó mílíọ̀nù 3.2, àwọn tí kò tíì pé ọmọ ọdún 5 tó lé ní 237,000 sì wà nínú wọn. Láti òní lọ, bí o bá ti fẹ́ yan gàrí, gbé e fún mi. Ẹ̀yìn mi ṣì lè pọn ọmọ.

Ó yá, mú ṣàṣàrà ọwọ̀ yẹn. Amọ̀ ògán wà nínú ike lẹ́yìn ilé, mo ti rẹ ẹ́ sílẹ̀ láti alẹ́ àná.