Bí a ṣe ń tọ́ ògógóró wò

Ìbéèrè: Òǹkàwé kan láti Ìwó Road, Ìbàdàn, fẹ́ mọ̀ bóyá ògógóró, tí owó rẹ̀ kò pọ̀, ṣeé tọ́ wò pẹ̀lú ìfarabalẹ̀ bíi wísikí.

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe, nítorí pé ọtí sísè ni méjèèjì, èyí ni pé a se ohun tó ti kan títí ooru ọtí inú rẹ̀ fi gòkè, a sì sọ ooru náà di omi padà, ṣùgbọ́n ẹmu ni a fi ń se ògógóró, nígbà tí a ń fi ọkà báálì tí a mú hù se wísikí bíi ti Penderyn ní Wales, tó ń gba àwọ̀ àti òórùn lára àgbá igi. Ẹni tó bá fẹ́ mọ adùn ògógóró yóò bu díẹ̀ sínú ife, yóò gbóòórùn rẹ̀ láìki imú bọ ibẹ̀, yóò sì kán omi sí i, nítorí omi a máa dín títa rẹ̀ kù, a sì jẹ́ kí òórùn ẹmu hàn. Ṣùgbọ́n ahọ́n kò lè dá methanol tó bá wà nínú ògógóró mọ̀, ìyẹn ọtí olóró tó ń fọ́ni lójú, tó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Òde-Ìrèlè, Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní 2015. Nítorí náà, ògógóró tó ní nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, lára ìgò nìkan ló yẹ ní rírà.